Kírìjì: Ta Ló San Owó Ogun Náà?

Láti 1877 títí di 1893, ilẹ̀ Yorùbá ò fojú kan àlàáfíà. Ogun tó wà nílẹ̀ nígbà náà ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n èyí tó gùn jù, tó sì run nǹkan jù, ni èyí tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, àpapọ̀ àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, jà lórí àwọn òkè tó wà láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìró ìbọn tó ń dún níbẹ̀ ló sọ ogun náà ní Kírìjì.

Bí ọmọ Èkìtì tàbí ọmọ Ìjẹ̀ṣà bá ń sọ̀rọ̀ ogun yìí, orí á máa wú u, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn baba ńlá wọn ló kọ̀ láti sìn. Bí ọmọ Ìbàdàn bá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn, yóò bi wọ́n pé ta ló gba gbogbo wọn lọ́wọ́ Ìlọrin nígbà tí iná jó dé orí kókó. Àríyànjiyàn náà kì í tán, nítorí ẹjọ́ ta ló jàre ni wọ́n ń dá. Èmi fẹ́ gbé ti ìnáwó àti ẹ̀mí yẹ̀ wò: ohun tí ogun náà mú wálé, ṣé ó tó ohun tó kó lọ? Mi ò ní fi èrò mi pa mọ́. Ó yẹ kí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dìde, ọwọ́ wọn ti tẹ̀ ẹ́ ní 1886. Gbogbo ohun tí àwọn méjèèjì ná lẹ́yìn ìgbà náà, òfò ni. Àwọn tó sì san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ogun náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fẹ́ san.

Kí á tó dá Ìbàdàn lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká rántí 1840. Ní Òṣogbo ni Ìbàdàn ti lé ogun Ìlọrin padà. Ká ní Ìlọrin borí lọ́jọ́ náà, ta ni ì bá dá wọn dúró kí wọ́n tó dé etí òkun? Ìbàdàn mọ iyì ohun tí wọ́n ṣe, wọ́n sì gbà pé ẹni tí àwọn bá dáàbò bò gbọ́dọ̀ sìn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ja Èkìtì níjà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ìlú ń tẹ̀lé ìlú bọ́ sábẹ́ wọn. Iléṣà gan-an wó ní 1870.

Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣàkóso. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ajẹ́lẹ̀ tirẹ̀, òun ni ojú Ìbàdàn níbẹ̀. Òun ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, òun ló ń rí i pé ìlú kó ọmọ ogun jáde nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá ń lọ sógun. Ìlú ló ń bọ́ ọ, òun, ìyàwó rẹ̀, ẹrú rẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọ̀nyí ló burú jù. Wọ́n á wọ agbo ilé, wọ́n á mú ewúrẹ́ tó bá wù wọ́n, wọ́n á wọ oko olóko, wọ́n á wu iṣu. Ẹni tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ibo ló fẹ́ gbé ẹjọ́ lọ? Ọba rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù ajẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní kí àwọn èèyàn yìí fara dà á títí ayé kò tíì ro ara rẹ̀ sí ipò wọn.

Ní 1878, ní Ìmẹ̀sí-Ìgbódó tó di Òkèmẹ̀sí lónìí, ajẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Oyèpetun fọwọ́ kan ìyàwó oníyàwó. Fábùnmi, jagunjagun ọmọ ìlú náà, bẹ́ ẹ lórí. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Ìbàdàn, ránṣẹ́ pé kí wọ́n fa Fábùnmi lé òun lọ́wọ́. Wọn ò fà á kalẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, àwọn ìlú dìde lẹ́yìn Fábùnmi, wọ́n ń pa ajẹ́lẹ̀ káàkiri Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, wọ́n sì pa nínú àwọn ará Ọ̀yọ́ tó ń gbé àárín wọn mọ́ wọn. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í sábà wọ inú ìtàn tí a ń sọ fún ọmọdé, bẹ́ẹ̀ àwọn náà wà lára ẹni tó kọ́kọ́ san owó ogun yìí.

Ìbàdàn ti wà nínú ogun mìíràn kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ní 1877, wọ́n rán àwọn èrò lọ sí Àjàṣẹ́ létí òkun láti lọ ra ìbọn àti ẹ̀tù, àwọn Ẹ̀gbá sì dá wọn lọ́nà. Látòósà ní àwọn máa bá Ẹ̀gbá jà. Ọ̀pọ̀ nínú ìjòyè rẹ̀ kò fẹ́, ṣùgbọ́n ó ti pinnu. Àwọn tó gbé ayé nígbà náà sọ pé ó fi yangàn pé bí òun bá parí iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán òun, kò ní sí ogun mọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá. Kò pẹ́ tí Ìjẹ̀bú náà fi ti ọ̀nà mọ́ ọn. Nígbà tí Èkìtì dìde, tí Ìlọrin dara pọ̀ mọ́ wọn, tí Ifẹ̀ náà dà á sílẹ̀ nígbẹ̀yìn, ojú ogun márùn-ún ni Ìbàdàn ń jà sí lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí owó, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn ogun yìí ti máa ń pẹ́ kí ó tó yé èèyàn. Ìlú kò ní àpò kan tí wọ́n ti ń ná owó ogun. Olúkúlùkù ológun ló ń bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn tirẹ̀, òun ló ń ra ìbọn wọn, òun ló ń ra ẹ̀tù àti ọta. Oko tí àwọn ẹrú ń ro fún un ló fi ń bọ́ wọn. Ẹ̀tù tí kò lówó rà, àwìn ló ń rà á. Ìkógun ló máa fi san gbèsè: ènìyàn tó bá mú lójú ogun, yóò tà lára wọn, yóò fi èyí tó kù kún ọmọ ogun àti olóko rẹ̀. Tí ogun bá yá, tí ìlú wó, gbèsè á kúrò nílẹ̀. Tí ogun bá falẹ̀ tí kò sí ìkógun, gbèsè á máa gorí gbèsè, àwọn ọmọ á sì máa di ìwọ̀fà.

Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, mọ ètò yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Oníṣòwò ńlá ni, ó ní ẹrú rẹpẹtẹ lóko, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ológun ti ń gba ìbọn àti ẹ̀tù láwìn. Nígbà tó rí i pé wọ́n ń jẹ gbèsè tí wọn ò san, ó dáwọ́ àwìn dúró. Látòósà ka ẹ̀sùn sí i lọ́rùn: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò sì jáde wá pàdé òun nígbà tí òun ń bọ̀. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè ní 1874, wọ́n sì pa á lọ́dún náà. Mi ò pe obìnrin náà ní ẹni mímọ́, nítorí òwò ẹrú wà nínú ọrọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọdún 3 péré kí ogun yìí tó bẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn pa ẹni tó lè wo ojú Ààrẹ kí ó sọ pé àwìn ti tán. Lẹ́yìn rẹ̀, ta ló tún fẹ́ sọ ọ́?

Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá 1878, Ìbàdàn pàdé ogun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní Ìkìrun. Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ló ṣáájú, Ìbàdàn sì ṣẹ́ wọn. Àwọn tó ń sá lọ kó sínú odò Ọ̀tìn, omi gbé ọ̀pọ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìjà náà ní Jálumi. Bó bá jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Èkìtì á túká, Ìbàdàn á yan ajẹ́lẹ̀ mìíràn.

Wọn ò túká. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà, ẹni tó ti gbé Ìbàdàn tó sì ti kọ́ iṣẹ́ ogun lọ́dọ̀ wọn, ó wá di olórí ogun fún gbogbo wọn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ti oko ẹrú padà, tí wọ́n fi Èkó ṣe ilé, dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìbọn ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó. Kì í ṣe ṣakabùlà lásán. Snider ni, ìbọn tí wọ́n ń ki ọta rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹni tó mú ṣakabùlà dání gbọ́dọ̀ dúró, kí ó da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, kí ó ki ọta, kí ó fi ọ̀pá gún un. Kí ó tó ṣe tán, Snider ti yìn ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan, ó sì ń bà jìnnà jù ú lọ. Nígbà tí èyí dé orí òkè, Ìbàdàn kò lè rọ́ lù wọ́n mọ́ bí wọ́n ti ń ṣe rí. Ìbàdàn náà wá Snider tiwọn, pẹ̀lú ọ̀nà Ìjẹ̀bú tó dí, tó jẹ́ pé ohun tó bá gba ibẹ̀ kọjá, owó gọbọi ni. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó lè ṣẹ́gun, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀.

Ibùdó méjèèjì di ìlú. Wọ́n kọ́lé, wọ́n ná ọjà, wọ́n dáko yí ibẹ̀ ká, wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n bímọ. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kírìjì ní 1880 á ti lè gbé ẹrù ẹ̀tù fún baba rẹ̀ kí wọ́n tó jáwọ́. Láàárín ibùdó méjèèjì ni odò kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Fẹ́jẹ̀bojú. Orúkọ náà ti sọ ohun tí ojú rí níbẹ̀.

Ta ló wá san owó náà? Àwọn tí wọ́n ń mú lójú ọ̀nà oko ni. Ogun tí kò ní ìlú tuntun tí yóò kó, ìgbèríko ló ń kó. Ọmọ ogun Ìbàdàn ń jí èèyàn kó, ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀ ń jí èèyàn kó, wọ́n sì ń tà wọ́n sísàlẹ̀ fún àwọn olówó ìtòsí òkun tí wọ́n fẹ́ ẹni tí yóò ro oko, tí yóò ru ẹrù, tí yóò fọ́ èkùrọ́, tí yóò ṣe epo. Owó yìí ló ń padà di ẹ̀tù. Ibi tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí nìyẹn. Àwọn ará Èkó tí wọ́n ń kó ìbọn ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn tàbí àwọn òbí wọn ni a ti tà rí. Òmìnira ni wọ́n fẹ́ fún àwọn ará ilé, tọkàntọkàn ni wọ́n sì fẹ́ ẹ. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ogun náà gbà ń bọ́ ara rẹ̀ ń sọ ọmọ ẹlòmíràn di ẹrú lójoojúmọ́. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n mú lọ́nà odò, tí wọ́n tà kí ìlú rẹ̀ lè ra ọta, kí ni a fẹ́ wí fún un pé ogun náà jẹ́?

Àwọn kan rí ànfààní. Oníbodè Ìjẹ̀bú rí owó, oníṣòwò ìbọn ní Èkó rí owó. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ìjẹ̀bú gan-an, tí ọjà kò yá fún mọ́ nítorí ọ̀nà tó dí, ogun náà sú wọn. Ní 1883 wọ́n yí padà sí Awùjalẹ̀ Fìdípọ̀tẹ̀ tó fẹ́ kí ogun máa lọ, ó sì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìlú kan tó ronú lórí owó ogun tó sì sọ fún ọba rẹ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́: mo gbóríyìn fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọrọ̀ ajé ló mú wọn ṣe é.

Látòósà kú sí ibùdó ní 1885, ogun kò tíì parí. Ikú rẹ̀ ló la ọ̀nà fún ìlàjà. Aláàfin Adéyẹmí Kìíní ti bẹ Gómìnà Èkó láti 1881 pé kí ó bá wọn dá sí i, Òyìnbó kò sì kánjú. Ní 1886 ni Gómìnà Moloney wá rán àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, lọ bá àwọn tó wà ní ibùdó. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní oṣù kẹfà, wọ́n sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lójú ogun ní oṣù kẹsàn-án. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bọ́ lábẹ́ Ìbàdàn. Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ jẹ́ ti Ìbàdàn, kí ẹni tí kò bá fẹ́ dúró níbẹ̀ máa lọ. Modákẹ́kẹ́ yóò ṣí kúrò ní ilẹ̀ Ifẹ̀.

Ìlú mẹ́rin yẹn. Wọ́n wà lára ohun tí ìlàjà fi ń forí ṣánpọ́n ṣáájú. Mo máa ń ro iye ẹni tó bá wọn lọ.

Àwọn tó gbà pé ogun náà tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tó lágbára, mi ò sì lè fojú fò ó. Wọ́n ní ìjà kúkúrú ni àwọn baba wọn ti ń jà tẹ́lẹ̀, òun ló sì ń mú kí wọ́n pàdánù. Ìlú kan á dìde lónìí, Ìbàdàn á dé, yóò wó. Iléṣà ṣe é ní 1870, ibi tó parí sí ni a wí yẹn. Dídúró tí wọ́n dúró lórí òkè fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìtúká, ìlú tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ olórí kan, òun gan-an ni ìṣẹ́gun. Mo gbà. Bí wọ́n bá túká lẹ́yìn Jálumi, kò sí ìwé kankan tí ì bá kọ òmìnira wọn sílẹ̀ ní 1886. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé ibẹ̀ ni Èkìtì ti kọ́ bí a ṣe ń fi ohùn kan sọ̀rọ̀, ẹ̀kọ́ náà kò sì parẹ́ lára wọn.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ yìí gbe ogun náà dé 1886 nìkan. Kí ni ti ọdún 7 tó tẹ̀lé e? Ìbàdàn sọ pé Ìlọrin ṣì ń halẹ̀, wọ́n sún sí Ìkìrun, wọ́n dúró. Èkìtìparapọ̀ ní bí Ìbàdàn kò bá lọ, àwọn náà kò lọ. Ìlọrin wọ Ọ̀fà ní 1887, ìlú tí Ìbàdàn torí rẹ̀ sọ pé àwọn ò lè lọ, ó wó lójú wọn náà. Ọ̀nà kò ṣí, jíjí èèyàn kó kò dáwọ́ dúró, àwọn ológun ń jẹ gbèsè lórí gbèsè. Kò sí ìlú tó gba òmìnira tuntun láàárín ọdún 7 yẹn, kò sí èyí tó gba ilẹ̀ tuntun tó fi ayọ̀ mú lọ́wọ́. Mo ti bi àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìtàn yìí pé kí ni apá yìí mú wálé. Wọ́n a máa padà sórí Fábùnmi.

Ohun tó mú un wá sópin wá láti ibòmíràn. Ní oṣù karùn-ún 1892, Òyìnbó fi ìbọn Maxim ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọn. Nígbà tí Gómìnà Carter wá gòkè ní 1893, gbogbo àwọn tó wà ní ibùdó ti gbọ́. Ó dé Ìkìrun, ó dé Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n túká. Ní oṣù kẹjọ, Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Òyìnbó. Ọ̀rọ̀ Látòósà ṣẹ pé ogun máa tán, ẹlòmíràn ló mú un ṣẹ. Ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn lọ, Òyìnbó gbé ajẹ́lẹ̀ tirẹ̀ kalẹ̀ sí Ìbàdàn. Ní 1894, Kápútéènì Bower tó wà nípò náà ní kí wọ́n mú Ògèdèǹgbé, wọ́n sì mú un. Akọni tí Ìbàdàn kò rí mú!

Mi ò ní sọ pé Kírìjì ló sọ wá di ẹrú Òyìnbó. Wọ́n ti wà ní Èkó láti 1861, wọ́n sì ń bọ̀ bọ̀ọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí wọ́n dé, ẹ̀tù ti tán, èèyàn ti rẹ̀, gbogbo ìlú ló ń wá ẹni tí yóò bá wọn pín ìjà. Wọn ò nílò láti bá Ìbàdàn jà bí wọ́n ti bá Ìjẹ̀bú jà. Àwọn ẹrú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Ìbàdàn ń sá padà sílé nígbà tí ọ̀nà ṣí, ọ̀pọ̀ sì bá ibi tí ilé wọn wà rí. Bí mo bá ń ka ohun rere tó ti inú gbogbo rẹ̀ jáde, ti àwọn wọ̀nyí ni mo máa ń kọ́kọ́ kà.

Ẹyọ kan ṣì wà nínú àdéhùn 1886 tí kò ṣẹ. Modákẹ́kẹ́, àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun àtijọ́ lé wá sí Ifẹ̀, ti gbè sẹ́yìn Ìbàdàn, wọ́n sì ti bá Ifẹ̀ jà tí Ifẹ̀ fi túká. Ìwé ní kí wọ́n kó lọ sí àárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà. Wọn ò lọ. Ìjọba Òyìnbó lé wọn ní 1909, wọ́n tú ìlú náà ká, wọ́n sì tún jẹ́ kí wọ́n padà ní 1922. Ní 1981 wọ́n tún bá Ifẹ̀ jà. Láti 1997 títí wọ ọdún 2000, wọ́n tún jà, ilé jó, oko kòkó bàjẹ́, àwọn tó ti jọ fẹ́ra wọn fi ìlú sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ iye tí Kírìjì ná wa gbọ́dọ̀ ka èyí mọ́ ọn.